Kẹ̀kẹ́ gígùn létíkun ìwọ̀-oòrùn Ireland: ọjọ́ 8 ni mo ní, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Swords

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọdún 6 rèé tí mo ti ń gbé ní Swords, lẹ́bàá Dublin, n kò sì tíì fojú kan òkun apá ìwọ̀-oòrùn rí. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń fi kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́, kìlómítà 14 ní àlọ, 14 ní àbọ̀, ọ̀nà tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ara mi sì ti mọ́ ọn. Ní oṣù kẹfà, mo ní ọjọ́ 8 tí n kò ní ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ di ẹrù sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, kí n máa tọ etí òkun lọ.

Wọ́n ní ọ̀nà Wild Atlantic Way yẹn gùn tó kìlómítà 2,500, láti Kinsale ní Cork títí dé apá àríwá Donegal. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, ibo ni kí n parí rẹ̀ sí? Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Manchester fẹ́ bá mi lọ. Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ló ní, pẹ̀lú ìwé ìgbélùú ti ìjọba UK. Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí ẹ bá mọ̀, ẹ má fi pamọ́.

Bàbá Kẹ̀kẹ́, Galway

Àbúrò mi, o kú ìmúra. Ọdún 17 ni mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ létíkun yìí, lójò, lẹ́ẹ̀rùn. Ohun tí n ó kọ́kọ́ sọ ni pé kí o gé e kúrú. Ẹni tó bá ń sá eré kí ó lè rí gbogbo 2,500 yẹn, táyà iwájú rẹ̀ nìkan ni yóò rí. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Yan ibì kan, kí o sì fara balẹ̀ síbẹ̀.

Lójú tèmi, Connemara wọ Mayo ni ibẹ̀ yẹn, láti Galway dé erékùṣù Achill. Bí a bá ka gbogbo yíyà sọ́tùn-ún sósì mọ́ ọn, kìlómítà bíi 350 ni. Ìdí tí mo fi ní kí o kọjú sí àríwá ni atẹ́gùn. Láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló ti sábà máa ń fẹ́ wá láti orí òkun Àtìláńtíìkì. Bí o bá ń lọ sókè, ẹ̀yìn ni yóò ti máa tì ọ́. Bí o bá ń bọ̀ nísàlẹ̀, àyà ni yóò máa gbá ọ, ìyẹn sì le ju òkè lọ, nítorí òkè ní ṣóńṣó tí èèyàn lè dé, atẹ́gùn kò ní.

Wọ rélùwéè ní ibùdó Heuston ní Dublin wá sí Galway. Àyè kẹ̀kẹ́ inú rẹ̀ kò pọ̀, nítorí náà gba tìrẹ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí o bá ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ kìíní, gba etí òkun kọjá Spiddal dé Ros an Mhíl, kìlómítà bíi 40, kò sí òkè níbẹ̀. Agbègbè tí wọ́n ti ń sọ Gaeilge, èdè ìbílẹ̀ Ireland, lo wà yẹn, èdè náà nìkan ni wọ́n sì kọ sára pátákó ojú ọ̀nà. Kọ orúkọ méjèèjì sínú ìwé kí o má baà ṣìnà: An Clochán ni Clifden, An Cheathrú Rua ni Carraroe.

Ní Ros an Mhíl, ọkọ̀ ojú omi yóò gbé ìwọ àti kẹ̀kẹ́ rẹ dé Inis Mór, bí ìṣẹ́jú 40. Sùn síbẹ̀. Àwọn tó wá fún ọjọ́ kan ṣoṣo á ti padà ní ìrọ̀lẹ́, erékùṣù á wá dákẹ́. Ilẹ̀ kì í ṣú ní oṣù kẹfà títí aago 10 alẹ́ fi máa kọjá, o lè máa yí láàárín àwọn ògiri òkúta tí wọ́n tò láìfi sìmẹ́ǹtì so. Nígbà tí o bá dé odi Dún Aonghasa, fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ nísàlẹ̀, kí o fẹsẹ̀ gòkè. Etí bèbè gíga ni odi yẹn parí sí, òkun ló wà nísàlẹ̀, kò sì sí ọgbà tó máa dá ọ dúró. Fàyà lélẹ̀ kí o tó yọjú wò ó. Má fi ìyẹn ṣeré.

Láti ibẹ̀, padà sí Ros an Mhíl, gba Carna lọ sí Roundstone. Ìyẹn ni ọjọ́ tó gùn jù. Lọ́jọ́ kejì ẹ̀, gba Ballyconneely dé Clifden. Kìlómítà bíi 24 péré ni, má ṣe yára. Kí o tó wọ Clifden, yà sí Derrygimlagh. Ilẹ̀ ẹrẹ̀ dúdú ni, irú èyí tí wọ́n ń gé sá gbẹ tí wọ́n sì ń fi dáná. Ibẹ̀ ni Alcock àti Brown já bọ́ sí ní 15 June 1919, nígbà tí wọ́n fi ọkọ̀ òfúrufú ré Àtìláńtíìkì kọjá láìdúró, àwọn méjèèjì ló sì kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀. Pápá oko ni wọ́n pe ẹrẹ̀ náà láti òkè, imú ọkọ̀ ló sì fi wọlẹ̀, àmọ́ kò sí èyí tó kú nínú wọn. Ìpìlẹ̀ ilé iṣẹ́ Marconi, tó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ gba ojú òkun lọ sí Kánádà láìsí wáyà láti 1907, wà níbẹ̀ títí di òní. Ọ̀nà tí o máa fi kẹ̀kẹ́ gbà nínú ẹrẹ̀ yẹn dára.

Ní Clifden, gun Sky Road ní ìrọ̀lẹ́. Ọ̀nà òkè ni kí o gbà, má gba ti ìsàlẹ̀.

Ti Doolough ni mo fẹ́ fi parí rẹ̀. Láti Clifden lọ sí Leenane, N59 ni o máa gbà, ọkọ̀ ńlá wà níbẹ̀, nítorí náà tètè jáde láàárọ̀. Ní Leenane, má tẹ̀ lé N59 lọ sí Westport. Yà sósì sí R335, gba Delphi. Òkè á dìde ní ọ̀tún àti ní òsì, adágún omi dúdú kan á sì nà gbọọrọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ilé kan ṣoṣo o lè má rí. Ní oṣù kẹta 1849, lásìkò ìyàn ńlá tó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí pòtétò rà mọ́lẹ̀, wọ́n ní kí àwọn tébi ń pa ní Louisburgh fẹsẹ̀ rìn wá sí Delphi, kí àwọn aláṣẹ lè yẹ̀ wọ́n wò bóyá wọ́n tọ́ sí oúnjẹ. Nígbà tí wọ́n dé, wọn kò rí nǹkan kan gbà. Nínú òtútù tí wọ́n fi ń padà lọ́nà yìí ni ọ̀pọ̀ ti ṣubú kú. Àgbélébùú òkúta kan wà létí ọ̀nà fún ìrántí wọn. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Desmond Tutu rin ọ̀nà yẹn ní 1991 pẹ̀lú àwọn tó ń ṣe ìrìn ìrántí lọ́dọọdún, wọ́n sì kọ òmìnira South Africa ti 1994 sára òkúta níbẹ̀. Sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ níbẹ̀. Ṣe ni mo máa ń ti tèmi fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Manchester

Ti àbúrò yín ni mo fẹ́ dáhùn, torí ó ti kan èmi náà rí. Ìwé ìgbélùú UK kò lè mú un wọ Ireland. Àdéhùn tó wà láàárín ìlú méjèèjì, ọmọ ìlú UK àti ọmọ ìlú Ireland ló kàn. Ẹni tó bá di pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà mú gbọ́dọ̀ gba fíìsà Ireland fúnra rẹ̀, kó sì bẹ̀rẹ̀ ní kùtùkùtù. Ẹ̀yin náà, bí ẹ kò bá tíì gba pásípọ́ọ̀tù Ireland, ẹ ṣọ́ra ní apá Donegal. Kò sí géètì, kò sí ọlọ́pàá tó ń dá kẹ̀kẹ́ dúró ní ààlà Northern Ireland, èèyàn lè ré e kọjá láìmọ̀, òfin UK sì ni yóò dè é lọ́hùn-ún. Ohun tí ẹ fi máa mọ̀ ni pé pátákó eré sísá á yí padà láti kìlómítà sí máìlì.

Akin Atúnkẹ̀kẹ́ṣe, Limerick

Ẹ kú ìmúra, sà. Ọ̀nà ti bọ́ síbi tó dáa, ẹ jẹ́ ká wá sọ ti kẹ̀kẹ́. Ẹ ka eyín irin iwájú tó kéré jù, kí ẹ ka ti ẹ̀yìn tó tóbi jù. Bí iwájú bá jẹ́ 34 tí ẹ̀yìn jẹ́ 28, orúnkún yín ló máa san gbèsè rẹ̀ nígbà tí ẹrù bá wà lórí kẹ̀kẹ́. Ẹ wá 30 síwájú, 34 tàbí 36 sẹ́yìn. Táyà tó fẹ̀ tó mílímítà 35 ni kí ẹ fi síbẹ̀, torí nínú àwọn ọ̀nà kéékèèké, koríko máa ń hù láàárín ọ̀dà, òkúta wẹ́wẹ́ sì máa ń kó jọ sí kọ́nà.

Bíréèkì ni mo fẹ́ kí ẹ fojú sí jù. Bí tiyín bá jẹ́ onírọ́bà, irú èyí tó ń di etí wíìlì mú, òjò á po iyanrìn mọ́ ọn, á sì máa fá rọ́bà náà bí ẹni ń fi páànù rín gàrí. Ní ọdún kan, mo sọ̀ kalẹ̀ ní Conor Pass ní Kerry nínú òjò. Mo ti ń tẹ bíréèkì láti òkè láìtú u sílẹ̀. Bí mo ṣe dé ìdajì, mo gbọ́ ìró kan, kírrr, irin lórí irin. Nígbà tí mo fẹsẹ̀ dúró tí mo yẹ̀ ẹ́ wò, rọ́bà ẹ̀gbẹ́ kan ti tán, irin inú rẹ̀ sì ti họ wíìlì. Mo fa kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ títí dé ìsàlẹ̀. Nítorí náà, ẹ mú rọ́bà tuntun orí méjì dání. Bí ẹ bá sì ń sọ̀ kalẹ̀ lójò, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kó nu omi kúrò, ẹ tú u sílẹ̀, ẹ wá tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ.

Tíúbù méjì, pọ́ńpù, irin tí a fi ń tú táyà, ìsopọ̀ ṣéènì kan, òróró díẹ̀. Ìyẹn ti tó. Ẹ̀gún kò ní pọ̀ lójú ọ̀nà ní oṣù kẹfà, torí òfin kò gbà kí àgbẹ̀ máa gé igi ọgbà láti 1 March títí di 31 August, nítorí àwọn ẹyẹ tó ń pamọ. Àmọ́ ewé á wá bo gbogbo kọ́nà. Aṣọ tó tàn yanran lára, iná tó ń ṣẹ́jú lẹ́yìn, lọ́sàn-án gangan.

Ó ku kan: ọwọ́ òsì la ń gbà níbí. Ẹ ti mọ̀ ọ́n ní Dublin torí ọkọ̀ yí yín ká. Ṣùgbọ́n lọ́nà tó dá páropáro, tí ẹ bá jẹun tán tí ẹ tún gorí kẹ̀kẹ́, ọwọ́ ọ̀tún tí a ti gùn láti kékeré ní ilé ni ara máa ń gbé èèyàn lọ. Ó ti ṣe mí rí lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá Tádé, Cork

Ẹ̀yin ará Galway, ẹ kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n gúúsù náà wà o. Èmi ò ní bá ẹnikẹ́ni du Doolough. Mo kàn fẹ́ kí ọmọ yìí mọ̀ pé bó bá jẹ́ Kerry ló wù ú, kó má ṣe sáré sí Ring of Kerry nítorí orúkọ rẹ̀ tó ròkè. Kìlómítà 179 ni, ọ̀nà rẹ̀ há, ọ̀wọ́ bọ́ọ̀sì ló sì ń rọ́ gbà á láti Killarney lójoojúmọ́ ní àsìkò ooru. Beara tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni kó lọ. Irú ahọ́n ilẹ̀ kan náà tó yọ sínú òkun ni, irú òkè kan náà, ọkọ̀ ò sì tó nǹkan. Healy Pass tó gba àárín rẹ̀ kọjá, ọdún 1847 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í là á, nígbà ìyàn yẹn kan náà, kí àwọn tébi ń pa lè rí iṣẹ́ ṣe. Ó ń wọ́ bí ejò, kò ga lójijì, obìnrin ẹni ọdún 52 bíi tèmi gùn ún láìsọ̀ kalẹ̀.

Kí ó tó lọ ibikíbi, kó kọ́kọ́ dán ara rẹ̀ wò ní Waterford Greenway. Ojú irin rélùwéè àtijọ́ ni, kìlómítà 46, láti Waterford dé Dungarvan, wọ́n ṣí i ní 2017. Kò sí mọ́tò níbẹ̀ rárá. Ó gba orí afárá gíga kọjá ní Kilmacthomas, ó sì gba inú ihò abẹ́ òkè tó gùn tó mítà 400, tútù bí inú kànga, omi ń kán lórí èèyàn. Òkun á sì ṣàdédé yọ lápá òsì nígbà tó bá kù díẹ̀ kó dé Dungarvan. Àwọn ọmọ mi méjèèjì ti gùn ún.

Oúnjẹ ńkọ́? Abúlé tó ní ṣọ́ọ̀bù lè jìnnà sí ara wọn. Mo máa ń di gàrí Ìjẹ̀bú sínú ike kékeré, ṣúgà àti kúlíkúlí lọ́tọ̀. Òjò tàbí oòrùn, omi tútù ṣáà ni. Ẹ lè rí gbogbo rẹ̀ rà ní Moore Street ní Dublin. Búrẹ́dì aláwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣe níbí pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja gbígbóná náà dára, ẹ jẹ ẹ́ bí ẹ bá rí i.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Swords

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ti Connemara ni mo mú. Ẹ̀gbọ́n Bàbá Kẹ̀kẹ́, mo fẹ́ bi yín: n kò tíì gun òkè gidi rí. Báwo ni kí n ṣe múra? Òjò ńkọ́?

Bàbá Kẹ̀kẹ́, Galway

Wicklow kò jìnnà sí ọ. Ní ọjọ́ Sátidé mẹ́ta, di ẹrù tí o máa gbé gan-an sórí kẹ̀kẹ́, kí o gba ọ̀nà Military Road láti Rathfarnham lọ sí Sally Gap, kí o sì sọ̀ dé Laragh. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló là á lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ 1798, kí wọ́n lè lé àwọn tó sá sórí òkè bá. Gíà tó kéré jù ni kí o fi gùn ún. Bí o kò bá lè sọ̀rọ̀ geere bí o ṣe ń gòkè, o ti ń sáré jù.

Ní ti òjò, òjò ò bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Yóò pa ọ́. Aṣọ òwú ni kí o yẹra fún, torí tó bá ti rin, kò ní gbẹ, atẹ́gùn á sì wá rí ọ mú. Wọ aṣọ irun àgùntàn fẹ́lẹ́ sínú, aṣọ òjò sókè. Aṣọ tí o fi ń sùn, wé e sínú ọ̀rá méjì, má sì wọ̀ ọ́ lójú ọ̀nà láé, bí ó ti wù kí ó rí. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, 112 ni kí o pè, títí kan orí òkè.

Arẹwà Mayo, Castlebar

Mo pẹ́ kí n tó rí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ti ọjọ́ méjì tó gbẹ̀yìn, torí àdúgbò mi ni. Láti Louisburgh lọ sí Westport, Croagh Patrick á wà lápá ọ̀tún yín, mítà 764, òkè àdúrà ni. Ní ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù keje, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń gùn ún, àwọn míì láìwọ bàtà. Mo ti bá wọn gùn ún. Ọmọ ẹni tó mọ orí òkè àdúrà ní ilé yóò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Láti Westport, Great Western Greenway ló kù, kìlómítà bíi 42 gba Newport àti Mulranny dé Achill. Ojú irin àtijọ́ ni òun náà. Ìtàn ojú irin yẹn kì í kúrò lọ́kàn mi. Wọ́n ní aríran kan tó ń jẹ́ Brian Rua ti sọ ọ́ ní ọ̀rúndún 17 pé kẹ̀kẹ́ irin yóò wọ Achill, pé òkú ni yóò gbé nígbà àkọ́kọ́, òkú ni yóò sì gbé nígbà ìkẹyìn. Ní 1894, kí wọ́n tó ṣí i fún èrò, ọkọ̀ ojú omi kan dojú dé ní Clew Bay pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ Achill tó fẹ́ lọ wọ ọkọ̀ sí Scotland, wọ́n ń lọ ṣiṣẹ́ ìkórè. Èèyàn 32 ló kú. Rélùwéè tuntun yẹn ló gbé òkú wọn wálé. Ní 1937, tí wọ́n ti fẹ́ ti ọ̀nà náà pa, iná jó ọmọkùnrin 10 láti Achill nínú ilé tí wọ́n ń sùn ní Kirkintilloch, ní Scotland, níbi tí wọ́n lọ wa pòtétò. Rélùwéè náà ló gbé wọn padà.

Èmi tí mo filé sílẹ̀ wá iṣẹ́ wá síhìn-ín, mo máa ń ronú kàn wọ́n bí mo bá ń yí lórí ọ̀nà yẹn.

Ní Achill, ẹ gba Dooagh kọjá dé Keem. Ọ̀nà náà gun ẹ̀gbẹ́ òkè, òkun wà nísàlẹ̀ ní òsì, lẹ́yìn náà ó já wálẹ̀ sí iyanrìn funfun. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti parí, ẹ ó tún gun ohun tí ẹ sọ̀, nítorí náà ẹ tọ́jú agbára díẹ̀. Bí ẹ bá ń padà, ẹ yà sí abúlé tó dahoro lábẹ́ òkè Slievemore. Ilé òkúta 80 sí 100, kò sí òrùlé kankan, àgùntàn ló ń gbé inú rẹ̀.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Swords

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Oṣù keje ti dé, a ti lọ, a ti bọ̀. Fíìsà àbúrò mi jáde nígbà tó ku ọjọ́ 9. Kìlómítà 341 la gùn. Òjò pa wá ní ọjọ́ mẹ́rin nínú mẹ́jọ, táyà jò lẹ́ẹ̀kan péré, lẹ́yìn Carna. Akin, mo lo rọ́bà bíréèkì yẹn ní Achill, Ọlọ́run á bù kún ọ.

Ohun tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi tẹ́lẹ̀ ni ìkíni. Ní gbogbo ọ̀nà kéékèèké yẹn, ẹni tó bá wa mọ́tò pàdé wa á gbé ìka kan sókè lórí ọwọ́ ìdarí. Olúkúlùkù wọn. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, àwa náà ti ń kí wọn kí wọ́n tó kí wa, àbúrò mi sì sọ pé òun ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń kí àjèjì báyìí láti ìgbà tí òun ti kúrò nílé.

Ní Doolough, atẹ́gùn dákẹ́. Mo kọ́kọ́ dé ibi àgbélébùú, mo dúró dè é. Nígbà tó dé, ó gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri, ó ka ohun tí wọ́n kọ sára òkúta, kò sọ̀rọ̀. Ó tú báàgì, ó mú ike gàrí wa jáde, ó da ẹ̀kúnwọ́ kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta náà. Àgùntàn kan wà lókè tó ń wò wá. A bọ́ sórí kẹ̀kẹ́, a ò sì bá ara wa sọ̀rọ̀ títí a fi rí ilé àkọ́kọ́ lápá Louisburgh.

Báàgì ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ méjèèjì tí omi kì í wọ̀ wà ní Swords lọ́dọ̀ mi, àti àwòrán ilẹ̀ tí mo fi bírò kọ orúkọ Gaeilge sí. Ẹni tó bá fẹ́ yá wọn kí oṣù kẹsàn-án tó dé, kó kọ̀wé sí mi níbí.

Ìyá Tádé, Cork

Èmi ni kí o kọ́kọ́ yá a, ọmọ mi. Oṣù kẹjọ, ọ̀sẹ̀ kejì. Tádé ti ní òun máa bá mi lọ.